Ìyá Mi, Ẹ Ti Wo Apá Kejì

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé a kì í kí òkú báyìí, ṣùgbọ́n mi ò rí ìkíni mìíràn tó bá ohun tó wà nínú mi mu. Láti ìgbà tí a ti sin yín, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí mi ò ka Yásín fún yín, kí n sì tọrọ pé kí Ọlọ́run sọ sàréè yín di ọ̀kan nínú ọgbà Àlùjánnà. Ní Jímọ̀ tó kọjá yìí, mi ò kà á. Mo ṣí ìwé, mo pa á dé. Inú ń bí mi sí yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa rò pé ọmọ yín kàn yà wá kí yín lásán ni.

Mo ti wo Pẹpẹ Alápatà, apá kejì.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ló gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ẹnu àwọn òṣèré á ti pa dé tán kí ohùn wọn tó jáde, ṣùgbọ́n òun gan-an ni. Orí fóònù ni mo ti bá a pàdé, èmi tí mo bi gbogbo àwọn tó ń yáni ní kásẹ́ẹ̀tì láti Ilé-Ogbó dé Kuta, títí wọ́n fi ń sá fún mi bí ẹni tó ń sá fún agbowó orí.

Ẹ rántí ibi tí apá kìíní parí sí. Sàmú Alápatà ń ta ẹran tó dùn ju ti gbogbo ọjà lọ, kò sì sẹ́ni tó bi í pé màlúù wo ló ń pa. Tíṣà Adéògún nìkan ló béèrè, nítorí tíṣà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ títí ó fi wọ ilé ẹran. Ilẹ̀kùn pa dé. Ọ̀bẹ lọ sókè. Àwòrán dúró gbagidi, wọ́n wá kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ká máa retí apá kejì. Ìpòṣé tí ẹ pa lọ́jọ́ náà gùn tó ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ ní àwọn tó ṣe fíìmù yìí burú ju Sàmú lọ, pé Sàmú tilẹ̀ ń pa èèyàn tán, àwọn kò pa wá tán. Ọjọ́ yẹn la ṣe àdéhùn lórí ẹní yín pé bí apá kejì bá dé, ẹnì kan nínú wa kò ní wò ó láìsí ẹnì kejì. Ẹ̀yin lẹ na ọwọ́ pé ká bọ̀ ọ́ lé e. Mo bọ̀ ọ́.

Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ nídìí fíìmù. Ẹ̀yin tí ẹ kì í dúró níbi tí wọ́n ti ń pa adìẹ! Bí Iléyá bá dé, kí wọ́n tó so àgbò mọ́lẹ̀ tán, ẹ ó ti wọ yàrá, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó máa ké "Bísímílà, Bísímílà" látinú ilé bí ẹni pé ọrùn yín ni ọ̀bẹ wà. Ṣùgbọ́n ká ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú fídíò, kí wọ́n gbé èèyàn kan kalẹ̀ kí wọ́n máa gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹ ó sún ẹní síwájú, ẹ ó da kúlíkúlí sí itan, ẹ ó sì máa wá ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀: ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù fún ọrùn kan, òkú yìí ń mí, òkú tọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ lé eṣinṣin kúrò ní imú ni. Mi ò tíì rí alárìíwísí tó dára tó yín nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, àwọn tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn pàápàá.

Nítorí náà, bí inú tilẹ̀ ń bí mi, ẹ̀yin náà ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún. Fíìmù náà dára, Ìyá mi. Ó dára débi pé ó dùn mí.

Wọ́n pa Tíṣà Adéògún kí n tó jókòó dáadáa. Mo ti rò pé yóò yè é, pé ọlọ́gbọ́n ni, pé irú àwa tíṣà kì í kú bẹ́ẹ̀. Sàmú gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi ọrùn ọwọ́, ó wọ́ ara tó kù lọ sórí pẹpẹ, ó wá lọ wẹ̀. Ìgbà náà ni ọwọ́ yẹn jí. Ó fi ìka márààrún rìn bí akàn, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó gba ẹ̀yìn ọjà, ó wọ ilé ìwé, ó gun tábìlì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo àwọn tí Sàmú ti tà fún aráàlú jẹ sára pátákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn tẹ̀lé ṣọ́ọ̀kì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló ba sábẹ́ tábìlì tó na ọwọ́ jáde. Mo rí aṣọ tábìlì tó ń mí. Mo mọ̀ pé zóbò ni ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ó tilẹ̀ dà bíi pé mo rí ègé atalẹ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ irun orí mi dìde, ìwọ̀nba tó kù. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ nǹkan sára pátákó, kò sí ọjọ́ kan tí kíláàsì kan dákẹ́ wò mí bí àwọn ọmọ inú fíìmù yẹn ṣe dákẹ́ wo ọwọ́ yẹn.

Ìparí rẹ̀ nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ Sàmú gé orí Sàmú, tí orí náà ti yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ ọba, bàbá kan wọ agbádá funfun jáde, ó kọjú sí wa, ó ní ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ká máa ṣe rere. Ó sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Mo rẹ́rìn-ín títí, nítorí mo rántí ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Tèmi gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí orí kankan tó yí nínú rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, èmi nìkan ni. Nígbà tó parí, mo sunkún díẹ̀ nítorí yín. Mo ní ẹ kú láìrí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìgbà kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́rú ni, lẹ́yìn ìrun Àyìlá. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, mo gbé fóònù lé orí àpótí, mo yí ohùn rẹ̀ sókè nítorí etí mi. Ìyá Ráfíù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ lódìkejì àgbàlá, níbi tó máa ń jókòó sí láti ìgbà tí ìbàdí ti ń dùn ún. Láti ìgbà tí mo ti kó padà wá sí yàrá yín lẹ́yìn ikú yín, mo máa ń kí i láàárọ̀, mo máa ń kí i nírọ̀lẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wa. Orogún yín ni. Ẹni tí ẹ ní ẹ ò ní bá sọ̀rọ̀ mọ́ títí ẹ ó fi kú. Mo ń pa òfin yín mọ́.

Tíṣà Adéògún ké. Ọ̀bẹ dún. Ìyá Ráfíù sì gbé ohùn sókè látòdìkejì:

"Ó ti dé ibi ọwọ́, àbí?"

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Ọkọ mi Tíṣà, mo ní ṣé ibi ọwọ́ ni? Dúró ná, yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá rẹ máa ń fi ìborùn bojú, á wá máa yọjú wò ó lábẹ́ rẹ̀."

Mo dá fíìmù dúró. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá mi kò rí fíìmù yìí kí wọ́n tó kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Ó rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta. "Àwa méjèèjì la jọ wò ó. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn. A wò ó títí kásẹ́ẹ̀tì fi ń hanrun."

Ìyá mi, ẹ rántí ọjọ́ fídáù bàbá wa. Ìyá Ráfíù dìde láàárín àlejò, ó ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ funfun wé òkú bàbá wa tán kí òun tó ti ilé àwọn òbí òun ní Kuta dé, tí òun kò fi rí ojú ọkọ òun mọ́. Ẹ ní irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Ẹ wọ yàrá, ẹ pè mí, ẹ ní ẹ̀yin àti obìnrin yẹn parí láyé. Mo dì yín mú, mo ní ẹni tó bá bá yín jà, èmi ló bá jà. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń wá láti Ilé-Ogbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí iṣẹ́ bá sì pọ̀, mo lè fò ó. Láti ọjọ́ náà, mi ò pa Jímọ̀ kan jẹ. Mo ní mi ò lè fi yín sílẹ̀ láàárín ọ̀tá. Mo ra tẹlifíṣọ̀n àti fídíò sí yàrá yín kí ìdánìkanwà má baà pa yín.

Mo sì jagun náà dáadáa. Ráfíù, ọmọ bàbá mi, fi ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò lọ. Ó bí àkọ́bí, ó ní èmi ẹ̀gbọ́n ni kí n wá dúró nípò bàbá wa kí n sọ ọmọ lórúkọ. Mo ránṣẹ́ padà pé ìdánwò wà ní ilé ìwé. Kò sí ìdánwò kankan. Ọ́fíìsì ni mo jókòó sí, mo ń wo ara mi bí ọmọ rere. Mo tilẹ̀ máa ń fi kọ́ àwọn tíṣà kéékèèké pé ọmọ tó mọ iyì ìyá rẹ̀ kì í jẹun lọ́wọ́ ọ̀tá ìyá rẹ̀. Wọ́n á máa mi orí. Kí ni wọn ì bá ṣe? Èmi ni ọ̀gá wọn. Nígbà tí a ń sin yín, Ìyá Ráfíù sunkún títí ó fi ṣubú lulẹ̀, mo sì wí nínú ara mi pé àgàbàgebè obìnrin.

Mo rékọjá àgbàlá lọ́jọ́rú yẹn. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò jókòó síbẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá wa ti kú.

"Ìgbà wo lẹ parí ìjà?"

"Ìjà wo?" Ó ronú. "Háà, ti ojú bàbá rẹ? Kò pé ọdún kan. Ibà mú ìyá rẹ, mo bá a po ògì. Ó mu ún tán, ó ní ó ti ki jù. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀."

"Kò wá sí ẹni tó lè sọ fún mi?"

"Ó ní ká má sọ. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀, ọkọ mi. Ìwọ nìkan ni ò mọ̀. Alùpùpù rẹ yẹn, bó bá ti ń yà ní ìyànà báyìí, a ti gbọ́ ọ. Màá ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde kí o tó pa iná rẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo sáré, mo gbàgbé bàtà mi síbẹ̀!"

Mo rántí bàtà náà. Mo bi yín. Ẹ ní obìnrin kan tó wá kí yín ló gbàgbé rẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e wọlé kí òjò má baà pa á.

"Nígbà tí ìyàwó Ráfíù bímọ ńkọ́?"

"Ta lo rò pé ó wẹ ọmọ náà? Ogójì ọjọ́. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní ọwọ́ mi le."

Mo wá bi í ní èyí tó wà lọ́kàn mi. Mo ní kí ló dé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Èmi náà bi í. Mo ní, 'Ìyálé mi, ìyà yìí ń jẹ ọmọ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ fún un.' Ó ní rárá. Ó ní, 'Bó bá mọ̀ pé mo ní ẹnì kan, kò ní máa wá ní Jímọ̀ mọ́.'"

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi? Ṣé bí ẹ ṣe rò mí sí nìyẹn? Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Mo fẹ́ sọ pé mi ò ní ṣàì wá. Irọ́ kì í kúkú nira fún ìdílé wa. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni mo fi jẹun láyé mi, mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ẹ̀kan lóṣù àti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ pé àárò mi ń sọ yín? Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ló wúwo jù lẹ́nu yín ni, àbí ẹ sọ ọ́, mi ò gbọ́?

Ẹ gba Jímọ̀ lọ́wọ́ mi, mo fi tayọ̀tayọ̀ gbé e fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ gba àbúrò mi mọ́ ọn. Ẹ rí mi bí mo ṣe ń fi ojú pa á rẹ́, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, nítorí yín, ẹ sì gbé kúlíkúlí fún mi pé kí n jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mọ̀ bí òkú bá mí, ẹ ò ha rí i pé nǹkan kan ń kú lójú yín?

Kí n sọ òótọ́, fíìmù náà ṣì ń gún mi lọ́tọ̀. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń bi yín pé apá kejì ńkọ́. Ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó ní wọn ò tíì gbé e dé. Ẹ tilẹ̀ máa ń ṣe àdúrà sí i. Kò sí òṣèré kan nínú Pẹpẹ Alápatà tó lè ṣe é tó yín. Àti ní oṣù tí ẹ lò kẹ́yìn, tí mo jókòó tì yín, tí mo ní bí ara yín bá yá, ibi yòówù kí fíìmù yẹn wà, màá wá a rí, a ó sì jọ wò ó. Ẹ yí ojú sí ògiri. Mo rò pé ara ló ń ro yín. Mo pe nọ́ọ̀sì.

Ní Sátidé, mo gba nọ́ńbà Ráfíù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mi ò ní i. Ẹ wò ó: ọmọ bàbá mi, ní Ìlọrin tí kò jìnnà, mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pè é.

"Ráfíù, èmi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìwó."

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ẹ ò pè mí rí. Ìyá mi ni, àbí? Ìyá mi ni."

Ó ti ń sunkún, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo ń sọ pé rárá, kò gbọ́ mi. Mo sáré kọjá àgbàlá pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mo ti fóònù sí Ìyá Ráfíù létí, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ nǹkan kí ó gbọ́ ohùn yín. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ráfíù, èmi rèé o, mo ń jẹ ẹ̀pà." Ìgbà náà ló gbà pé mi ò pè láti sọ ọ̀rọ̀ ikú. Ẹni tó jẹ́ pé ikú nìkan ló lè mú un pè ni mo jẹ́ fún un láti ìgbà yìí wá. Ẹ ò dá a ṣe. Èmi náà lọ́wọ́ sí i gidi.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú àkọ́bí òun, obìnrin, èyí tí mi ò wá sọ lórúkọ. Mo ní ó dára. Mo ní kó máa rọra wakọ̀. Ìtìjú wá bò mí, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí ọmọ náà dé ilé kí n máa pè é ní "ìwọ yìí". Mo ní, "Ráfíù, má bínú. Kí lẹ sọ ọmọ náà?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ ìyá yín ni."

Inú ń bí mi sí yín, mo sì fẹ́ràn yín. Ẹ bá mi gba méjèèjì bẹ́ẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe lè yà wọ́n.

Èmi ni,
ọmọ yín ọkùnrin.